Dègírè Mẹ́fà Tí Mo Fún Sùnmọ́nù

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kejì ọdún tó kọjá. Kì í ṣe pé mo fi orí rántí wákàtí náà. Fóònù mi ló kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò kan tí mo yà lọ́jọ́ yẹn, mo sì ti wo fọ́tò náà débi pé bí mo bá di ojú, mo ṣì ń rí i. Láti wákàtí yẹn ni mo ti ń gbé ohun kan kiri nínú mi tí mi ò rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi títí ẹ ó fi kà á tán. Mo mọ̀ pé ohun tí mo ṣe burú. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ èmi náà. Bí mo bá sọ tèmi láìsọ tiwọn, irọ́ mìíràn ni mo tún pa yẹn, irọ́ pípa sì ti sú mi.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí n dìde níwájú àwọn èèyàn kí n ka orúkọ mẹ́rin. Orúkọ karùn-ún yẹ kó wà níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀.

Ọmọ ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n ni mí, Àjàṣẹ́ níbí, ní Porto-Novo, la ti bí mi. Mo gba lisánsì, ìyẹn oyè yunifásítì, nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn tí mo gbà á, mo jókòó sílé fún ọdún kan ààbọ̀, mò ń kọ lẹ́tà wá iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò fèsì. Ìgbà tó yá, màmá mi mú mi láti Tokpota lọ sí Djègan-Kpèvi, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ní garáàsì tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Òun àti bàbá mi ti jọ gbé inú ọgbà kan náà rí. Gbogbo wa ń pè é ní Pátírọ̀n, ìyẹn ọ̀gá.

Màmá mi sọ fún un pé, "Ẹ bá mi gbà á, kó má kàn máa jókòó. Ìwé ti pọ̀ jù lágbárí ẹ̀."

Pátírọ̀n rẹ́rìn-ín. "Ìwé kì í pa èèyàn, Màmá. A ó fi òróró ọkọ̀ fọ̀ ọ́ kúrò."

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Sùnmọ́nù. Ó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà nígbà náà, àwa méjèèjì sì jẹ́ ẹgbẹ́. Ṣáàtì funfun ni mo wọ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí mi ò mọ ohun tó yẹ kí n wọ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wọlé, ó gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan jáde.

"Akọ̀wé, wọ èyí. Tọ́jú ṣáàtì yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá sọ ẹ́ di mínísítà ni kó o wọ̀ ọ́."

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Akọ̀wé. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́, ó ṣe mí dáadáa. Àkàsà kan náà la jọ ń jẹ lọ́sàn-án. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi etí mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Bí kì í bá ṣe pé ó ṣe mí dáadáa ni, bóyá ohun tó ṣe lẹ́yìn náà kì bá tí dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Oníbàárà wa kan wà tó ń jẹ́ Mọ̀sié Felisiyánù, àgbàlagbà kan, ọmọ Àgùdà. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ṣí lẹ́yìn, irú èyí tí àwa ń pè ní báṣé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á. Ọsàn àti pákó ló fi ń kó láti ọ̀nà oko lápá Pobè. Ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà ti dá lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó gbé e wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, "Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i. Ọ̀nà yẹn ti jẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí tán."

Èmi ni mo dá a lábàá pé kí a yí gbogbo iwájú ọkọ̀ náà padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà wá, táyà iwájú kọ̀ọ̀kan ló ní apá irin tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ti ọ̀tún bá wọ kòtò, ti òsì lè má mọ̀. Ó rọrùn lára èèyàn lórí títì ọlọ́dà. Ṣùgbọ́n àwọn apá náà tẹ́ẹ́rẹ́, oríkèé wọn sì pọ̀, ọ̀nà oko a máa kán wọn. Ohun tí mo sọ ni pé kí a yọ gbogbo wọn, kí a wá fi pọ̀n sí i, ìyẹn irin kan ṣoṣo tó nípọn, tó so táyà méjèèjì pọ̀ láti ọ̀tún dé òsì. Yóò le díẹ̀ lára ẹni tó jókòó sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tètè dá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é. Èmi ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé mi, Sùnmọ́nù sì lọ wá pọ̀n lára ọkọ̀ àtijọ́ kan tó ti kú. Mò ń ṣírò, òun ń gé irin. Ibi tí àwòrán mi kò bá ti ṣeé ṣe, ó máa ń sọ fún mi, màá sì tún un yà. Mi ò láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí mo ti kúrò ní yunifásítì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí i pé ohun tí mo kọ́ wúlò fún ẹnìkan.

Ohun kan wà tó gba ìṣọ́ra ju gbogbo rẹ̀ lọ. Pọ̀n náà ní irin kékeré méjì tó fi ń jókòó sábẹ́ ọkọ̀. Kí a tó jó ìjókòó yìí mọ́ ọn pátápátá, a gbọ́dọ̀ yí pọ̀n náà kí orí rẹ̀ fì sẹ́yìn díẹ̀. Fífì yẹn ló ń jẹ́ kí fólán tí awakọ̀ dì mú padà sí àárín fúnra rẹ̀. Bí kò bá fì tó, táyà lè bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lójijì tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò. Mo ṣírò rẹ̀, mo ní dègírè mẹ́fà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mo sọ yẹn, mo gbé fóònù mi lé orí irin náà láti wọ̀n ọ́n. Sùnmọ́nù ní, "Ṣé kí n ta okùn sí i?" Okùn ni wọ́n fi ń wọn nǹkan nínú garáàsì wa, wọ́n máa ń ta á láti ara sàsí, ìyẹn egungun ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Mo ní, "Kí la fẹ́ fi okùn ṣe? Fóònù kì í ṣàṣìṣe."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó yí pọ̀n náà títí fóònù fi kọ mẹ́fà. Mo ya fọ́tò rẹ̀. Ó fi iná kàn án fẹ́rẹ́ kó má baà yẹ̀, ó ní òun yóò jó o pátápátá lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Àṣà kan tún wà nínú garáàsì náà. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ ńlá parí, yóò fi àtàǹpàkò rẹ̀ bọ ọ̀dà funfun, yóò tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ sàsí. Ọ̀gá tó kọ́ Pátírọ̀n níṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èmi àti Sùnmọ́nù ti fẹnu kò pé àtàǹpàkò méjì ni yóò wà lábẹ́ báṣé yẹn. Mo tilẹ̀ ti yan ibi tí tèmi yóò wà. Ẹ lè máa rò pé ohun ọmọdé ni. Fún mi kì í ṣe ohun ọmọdé. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé, mi ò tíì ṣe ohunkóhun tí ẹnìkan lè tọ́ka sí pé èmi ni mo ṣe é.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Mọ̀sié Felisiyánù wá wo ọkọ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ẹnu yà á. Ó béèrè lọ́wọ́ Pátírọ̀n pé, "Ta ló ronú irú èyí?"

Mo ti la ẹnu. Sùnmọ́nù ti sọ̀rọ̀ kó tó di pé ohùn mi jáde.

"Èmi ni, Mọ̀sié. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi."

Mọ̀sié Felisiyánù nawọ́ sí mi. "Akọ̀wé yìí ńkọ́?"

Sùnmọ́nù ní, "Akọ̀wé ló ń bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Pátírọ̀n rẹ́rìn-ín. Mọ̀sié Felisiyánù gbá mi léjìká, ó ní, "Onítọ́ọ̀ṣì, o káre. Ẹni tó di iná mú náà ṣiṣẹ́." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí títí dòní, torí ẹnu èmi fúnra mi ló ti jáde.

Mo mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Líbérasíọ̀n rẹ̀ ku oṣù kan. Ọjọ́ yẹn ni Pátírọ̀n ń tú ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sílẹ̀ níwájú ẹbí àti àwọn àgbà iṣẹ́, tí yóò fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́ tí yóò sì súre fún un, tí òun náà yóò di ọ̀gá. Ó fẹ́ kí orúkọ òun dún kó tó dọjọ́ náà. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n kí nǹkan yé èèyàn kò ní kó má dun èèyàn. Ó lè sọ pé àwa méjèèjì ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ni.

Wọ́n jáde lọ sídìí géètì. Mo dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. Irin roboto kékeré kan wà lórí tábìlì, irú èyí tó máa ń wà nínú rúlúmà, ìyẹn bẹ́árìn tó ń jẹ́ kí táyà yí. Mo fọwọ́ kàn án láìmọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Kò dúró. Ó yí lọ, ó yí lọ, ó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá láti iwájú lọ sẹ́yìn, ó jáde lọ bọ́ sínú gọ́tà létí títì.

Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ garáàsì náà dà sí títì, kí omi òjò lè máa ṣàn jáde. Imú ọkọ̀ wà lókè, ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Fóònù mi kò mọ ìyẹn. Ohun tó wọ̀n pọ̀ mọ́ fífì tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ fì sẹ́yìn. Mẹ́fà mi kì í ṣe mẹ́fà. Bóyá méjì ni. Okùn Sùnmọ́nù kì bá ti ṣe irú àṣìṣe yẹn, torí ara ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ta á.

Kò tíì jó o pátápátá. Ó ṣì kù wákàtí mẹ́rin. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú mélòó kan la ó fi tún un ṣe.

Mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ fún yín pé mo gbàgbé, tàbí pé kò dá mi lójú. Mo sọ nínú ara mi pé, ṣebí òun ló ronú ẹ̀. Kó ronú èyí náà.

Sùnmọ́nù ti mọ́ṣáláṣí dé, ó jó o. Mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Nígbà tí mo lọ fọwọ́ tí mo padà dé, àtàǹpàkò funfun kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ sàsí, ó sì ti pa agolo ọ̀dà dé. Ó ní, "Akọ̀wé, ọ̀dà ti gbẹ o. Máà bínú, ó di ti èyí tó ń bọ̀." Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ. Mo rí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Pátírọ̀n di àpò iyanrìn kún ẹ̀yìn báṣé náà, ó wà á dánwò. Kò ṣe nǹkan kan. Bí ẹ̀yìn bá wúwo, imú ọkọ̀ a gbé sókè, fífì náà a pọ̀ sí i. Ìgbà tó bá ṣófo ni ewu rẹ̀. Ó rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún ara mi pé bóyá èmi ni mo ṣi ìṣirò.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni Mọ̀sié Felisiyánù já ẹrù tán, tó ń bọ̀ wálé lófo. Ó kó sí kòtò kan lójú ọ̀nà. Ó ní fólán bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lọ́wọ́ òun bí ẹni tí ibà mú. Ọkọ̀ náà fi títì sílẹ̀, ó wọ inú kòtò omi. Apá òsì rẹ̀ kán. Wọ́n tò ó, ó jinná, ṣùgbọ́n kò nà tán mọ́ títí dòní.

Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá, gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò kan ló wà níbẹ̀. Ohun tí mo ti ń sunkún lé lórí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wá di ibi ìsádi mi. Ẹ wò ó, mo dúpẹ́ lọ́kàn mi. Ìyẹn ni mo ń jẹ́wọ́. Mo dúpẹ́.

Sùnmọ́nù kò lè sọ pé òǹkà Akọ̀wé ni òun lò, nígbà tó ti sọ lójú gbogbo wọn pé tọ́ọ̀ṣì ni mo dì mú. Ṣùgbọ́n ó wá bá mi nídìí àgbá omi níbi tí mo ti ń fọwọ́. Ó rọra béèrè.

"Akọ̀wé, òǹkà yẹn, ṣé ó dá ẹ lójú?"

Mo yọ fóònù. Mo fi fọ́tò hàn án. Mo ní, "Mẹ́fà nìyí. Bóyá irin ló yí nígbà tí ò ń jó o."

Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó gbà mí gbọ́. Fọ́tò tó ń jẹ́rìí àṣìṣe mi gan-an ni mo fi dá a lẹ́bi.

Pátírọ̀n yọ orúkọ Sùnmọ́nù kúrò nínú líbérasíọ̀n ọdún náà. Ìyá rẹ̀ ti pe àwọn ará Houinmè, àdúgbò wọn, àti gbogbo ilé kéwú rẹ̀. Ìyá náà wá sí garáàsì, ó jókòó sórí táyà àtijọ́ kan, kò bẹ̀bẹ̀, kò sunkún, ó kàn jókòó títí oòrùn fi ń wọ̀, ó sì dìde lọ. Lọ́jọ́ líbérasíọ̀n, Sùnmọ́nù ló bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ to àga.

Mo ti ríṣẹ́ báyìí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Mo ṣì ń yà sí garáàsì ní Àbámẹ́ta. Mọ̀sié Felisiyánù ṣì ń pè mí ní Onítọ́ọ̀ṣì, tìfẹ́tìfẹ́, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Pátírọ̀n pè mí sínú yàrá irinṣẹ́. Ó fún mi ní ìwé kan. Ó ní ohùn mi dára, mo sì gbọ́ Faransé dáadáa, kí n bá òun ka orúkọ àwọn tí òun ń tú sílẹ̀ lọ́dún yìí. Mẹ́rin ni. Sùnmọ́nù kò sí níbẹ̀. Ọdún kan sí i, ó ní.

Ara mi kò gbà á mọ́. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: fóònù, ilẹ̀ tó dà, irin roboto, irọ́ ìdí àgbá omi. Mo rò pé yóò lù mí. Mo fẹ́ kó lù mí.

Ó ní, "Dìde. Mo ti mọ̀."

"Ẹ ti mọ kí ni, Pátírọ̀n?"

"Ọjọ́ tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ yẹn wọlé ni mo ti ta okùn sí i. Méjì ni mo bá. Irin kì í fi dègírè mẹ́rin yí nítorí iná. Sùnmọ́nù kì í fi fóònù wọn nǹkan. Èmi ni mo sì da sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ yìí, mo mọ ibi tó dà sí. Ta ló wá kù?"

Mo dìde. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà.

"Ọwọ́ ọmọ yẹn dára ju tèmi lọ. Ìwọ náà mọ̀. Bí mo bá tú u sílẹ̀, Houinmè ló ń lọ, àwọn oníbàárà mi yóò tẹ̀lé e. Kó ṣe ọdún kan sí i, kò ní pa á. Ka orúkọ tí mo kọ."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n Pátírọ̀n, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òun."

Ó ní, "Ìwọ lo purọ́, Akọ̀wé. Èmi kàn dákẹ́ ni."

Gbólóhùn tí mo ti ń sọ fún ara mi fún ọdún kan nìyẹn, pé èmi kàn dákẹ́ ni. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni mo mọ bó ṣe rí.

Sùnmọ́nù ta mí nítorí orúkọ. Pátírọ̀n, tí màmá mi fà mí lé lọ́wọ́, fi ẹ̀ṣẹ̀ mi so ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀ kò sì jẹ́ kí n mọ̀. Èmi náà sì ta àwọn tí kò ṣe mí ní nǹkan kan, Mọ̀sié Felisiyánù àti ìyá tó jókòó sórí táyà. Mo ṣì ń bínú. Ẹ má sọ pé kí n má bínú, mo ti gbìyànjú rẹ̀.

Lánàá mo pinnu láti sọ fún Sùnmọ́nù. Mo bá a lábẹ́ ọkọ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ó mọ bàtà mi.

Ó ní, "Akọ̀wé, o dé lákòókò. Bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo dì í mú. Mo tàn án sí ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi de nọ́ọ̀tì mẹ́jọ. Ó jáde, ó ní mo ṣeun. Mo lọ sílé.

Nínú líbérasíọ̀n tiwa, orúkọ tí a bá ti pè níwájú àwọn àgbà, a kì í gbé e mì mọ́. Ẹni tí a pè yóò kúnlẹ̀, Pátírọ̀n yóò sì súre fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n pe orúkọ karùn-ún? Bí mo bá pè é láìsọ ìdí, ṣé kì í ṣe pé mo tún fi nǹkan pamọ́ nìyẹn? Bí mo bá sọ ìdí, màmá mi yóò wà níbẹ̀, Mọ̀sié Felisiyánù náà yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú apá rẹ̀. Àbí Sùnmọ́nù ni kí n kọ́kọ́ bá, kó mọ̀ kí gbogbo ayé tó mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bẹ̀ mí títí dòní nítorí ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì yẹn?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣẹ̀ rí tí ẹ̀yin náà sì ti ṣẹ ẹlòmíràn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ. Fọ́tò náà ṣì wà nínú fóònù mi, mi ò pa á rẹ́. Ta ni kí n kọ́kọ́ fi hàn?